Ẹ gbé ìwé yẹn tì ná, ẹ jẹ́ kí etí ọmọ ṣáájú ojú rẹ̀

Bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ òbí o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó lè dáhùn, torí ó dà bí ẹni pé inú ilé tèmi lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ti pé ọdún mẹ́jọ, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá yín lóhùn. Ẹ ra Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ, fún un, ẹ ní kó máa ka ojú ìwé kan lálaalẹ́, kò ka ti àkọ́kọ́ tán tó fi bú sẹ́kún, díẹ̀ ló kù kí ẹ lù ú. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kí ẹ fi dandan mú un ni, irú orin wo lẹ lè máa gbé sí i nínú ilé, àti kí lẹ máa sọ fún ìyàwó yín tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá máa ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́.

Ẹ má fi dandan mú un, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Ẹ gbé ìwé yẹn tì ná. Mo ti rin ọ̀nà yẹn, mo mọ ibi tó já sí.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Aránṣọ ni mí, Ìbàdàn ni a ń gbé, àmọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, níbi tí ìró òfì ti ń jí èèyàn láàárọ̀. Nígbà tí àkọ́bí mi wọ ilé ìwé, ogún náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Fanákúlà ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ àrùn. Èmi náà gbé òfin yẹn wọlé. Bí ọmọ bá ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí," màá ní kó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó bu oúnjẹ fún un. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Owó ilé ìwé tí mò ń san wọ̀ mí lára, mi ò fẹ́ kó ṣòfò.

Nígbà tó pé ọdún méje, mo mú un lọ sọ́dọ̀ màmá mi fún ọlidé. Alẹ́ ọjọ́ tí a dé, iná ò sí. Màmá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti tèmi jọ. Wọ́n ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn yòókù ké e pa pọ̀: "Ààlọ̀!" Tèmi ń wo ẹnu wọn. Màmá kọjú sí i, wọ́n tún un pè, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ fún un bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Màmá ò bínú. Wọ́n pa àlọ́ náà tán nítorí àwọn tó kù, àmọ́ nígbà tó kan orin inú àlọ́, tí gbogbo wọn ń gbè é tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo rí màmá mi tí wọ́n ń wo ọmọ mi bí ẹni ń wo àlejò tí a ò mọ oúnjẹ tó ń jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní, "Kí ni mo ní tí ọmọ yìí lè gbà lọ́wọ́ mi?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni màmá papò dà. Àwọn méjèèjì ò jókòó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún rí láìjẹ́ pé èmi wà láàárín tí mò ń túmọ̀. Ẹrù yẹn ṣì wà lórí mi títí di òní.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo wá ń sáré. Ẹ̀dùn ọkàn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Dùgbẹ̀, mo ra ìwé Fágúnwà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì kó o lé ọmọ mi kejì lọ́wọ́. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Ojú ìwé kan nínú Ògbójú Ọdẹ kí a tó jẹun alẹ́, bí tiyín gẹ́lẹ́. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, màá ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Àmàlà á tutù, ọbẹ̀ á dì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì. Mo lù ú lọ́jọ́ yẹn. Fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ yẹn bá ti rí mi pẹ̀lú ìwé Yorùbá lọ́wọ́, yàrá ló ń gbà lọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé 1938 ni ìwé yẹn jáde. Àwọn tí Fágúnwà ń kọ̀wé fún ti gbọ́ àlọ́ títí, wọ́n ti gbọ́ ìjálá lẹ́nu ọdẹ, ìyá ìlù ti kì wọ́n láàárín agbo. Etí wọn ti kún kí ojú wọn tó kan ìwé. Bàbá náà máa ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí, gbólóhùn kan á gùn títí, bí ẹni tó mọ ohùn rẹ̀ bá sì ń kà á sókè, orí èèyàn á máa wú. Àmọ́ ọmọ tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á ti sọnù kó tó dé ibi tí wọ́n ti dánu dúró. Kódà ìlù ni Fágúnwà fi ṣí ìwé náà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti ní bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ò gbọ́ àgídìgbo rí láyé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti kọsẹ̀, èmi sì ń lù ú pé kò wọlé.

Ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Onílù gángan kan wà níbẹ̀, oníbàárà mi ni, èmi ni mò ń rán bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló yí ìlù sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Mo fi owó sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin mi fà mí láṣọ, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Kí n tó lanu, onílù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi gángan há ọmọ lábíyá, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ìgbúnwọ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ọsán fà, awọ le, ohùn lọ sókè. Ó ní, "Mí nìyẹn." Ó dẹ ọwọ́, ohùn wálẹ̀. "Dò nìyẹn." Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ tán. "Àárín wọn ni re." Ó wá ní kí ọmọ pe orúkọ ìlú tó ń gbé. Ọmọ ní Ìbàdàn. Bàbá náà lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láìtẹ ọsán rárá: dò, dò, dò. Ọmọ mi la ẹnu sílẹ̀. Ó ní kó tún un lù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò fọwọ́ kan ìwé kankan. Orúkọ ìlú la ń kùn lẹ́nu, ẹni kan á kùn ún, àwọn tó kù á mọ̀ ọ́n. Dò mí dò: Ìsẹ́yìn. Re mí dò mí re: Abẹ́òkúta. Dò mí dò mí: Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé orí dò mí, ìjà bẹ́ sílẹ̀, torí èyí ọmọbìnrin ní Èkó lòun ń pè, àbígbẹ̀yìn ní Ọ̀yọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló jàre. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá ẹjọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi onílù.

Nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀, mo bi í. Ó ní onílù tó bá mọ iṣẹ́ kì í lu orúkọ kan ṣoṣo kó dákẹ́, torí ọ̀rọ̀ tó ní ohùn kan náà pọ̀ jù. Ó máa ń fi oríkì tì í lẹ́yìn ni, á nà án gùn títí ohùn gbólóhùn náà ò fi ní jọ tẹlòmíì mọ́. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò gbọ́ oríkì rí, ariwo lásán ni ìlù jẹ́ létí rẹ̀. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn tó lọ, mi ò lè ṣiṣẹ́. Ohun tí màmá mi ní nìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi nìyẹn.

Bàbá ọmọ, àmì orí ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn, ìlù ni. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, wọ́n kàn ní kí n fi àmì sí i ni. Ọmọ tó bá ti lè kùn ún lẹ́nu, ó ti ń kàwé nìyẹn, bí kò tiẹ̀ tí ì mọ̀. Ẹ fi igba wò ó. Mo kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sára páálí bébà tí mo fi ń gé aṣọ: igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá. Ọmọ mi kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ mẹ́rin. Nígbà tí a lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló ṣàdédé sọ lójú ọ̀nà pé, "Mọ́mì, ìgbà tí a dé ọjà, a ra ìgbá igba náírà, a gbé e sínú igbá." Mo dúró sójú títì. Igbà nìkan ló kù tí kò mọ̀, títí tí a fi lọ sí Ìsẹ́yìn tó rí ẹni tó fi í gun ọ̀pẹ. Ó fọwọ́ kan okùn náà, ó ní, "Re, dò."

Àmì yìí kì í ṣe fún ẹwà o. Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tó fi jókòó sílé, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù láìfi àmì sí i. Ojú ẹ̀gbọ́n ò ríran dáadáa, ọmọ kan nínú ilé ló bá wọn kà á sókè: "Mo ti rí ìṣẹ́." Ìyá náà fi igbe bọnu, wọ́n ní àbúrò àwọn ti rí ìyà. Ó tó wákàtí kan kí a tó rí wọn bá sọ̀rọ̀ kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Re mí ló fẹ́ kọ, dò mí ni ọmọ kà. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé fún ọmọ, ẹ ṣí i láàárín, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi àmì sí i dáadáa. Èyí tí wọn ò bá fi àmì sí, àgbàlagbà tó ti gbọ́ èdè ló wà fún.

Ní ti orin, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò yára. Mo fẹ́ràn fújì gan-an, òun ni mo fi ń ránṣọ ọdún, àmọ́ ó ń sáré jù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá etí. Àpàlà ni kí ẹ gbé sí i. Ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó kú ní 1983, kì í kánjú. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó kó tó mú òmíràn wá. Kò mọ síbẹ̀ o. Nínú àwọn ohun èlò àpàlà tirẹ̀, àgídìgbo wà níbẹ̀, àpótí onírin tí wọ́n ń fi ìka ta, tí ó ń dún lábẹ́ ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi han ọmọ mi pé èyí tó ń dún wọ̀mù-wọ̀mù nísàlẹ̀ yẹn ni àgídìgbo, ó ní, "Èyí tó wà nínú ìwé yẹn?" Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ ìwé náà láti ọjọ́ tí mo ti lù ú. Mo ṣe bí ẹni pé kò jọ mí lójú, mo kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń fọ aṣọ mi lọ. Omijé ti dé ojú mi.

Èyí tó kéré jù fẹ́ràn orin tó bá ní ìtàn. Orin Olóyè Ebenezer Obey tó sọ ti bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ń jiyàn pẹ̀lú àwọn ará ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ "gùn" àti "sọ̀kalẹ̀" nìyẹn, mi ò kọ́ ọ.

Ibì kan wà tí mo tún ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin dúró láti béèrè ìtúmọ̀. "Kí ló sọ? Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn?" Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá ti gbé orin sí i, wọ́n á ti sá. Mo ti sọ ọ́ di ìdánwò. Mo jáwọ́. Mo pinnu pé mi ò ní béèrè ohunkóhun, èmi ni wọ́n máa bi. Ó tó oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Mo ń ro àmàlà lọ́jọ́ náà, mo ní kí ẹnì kan gbé omorogùn fún mi, èyí ọmọbìnrin wá ní ṣé "ro" inú omorogùn ni "rò" tí olórin yẹn ń sọ. Mo ní rárá, gbọ́ ọ dáadáa: re ni mò ń ṣe sí àmàlà, dò ni olórin ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀. A rojọ́ yẹn títí àmàlà fi fẹ́ jóná.

Nígbà tí etí ti ń là, mo padà sí ìwé, àmọ́ mi ò padà sí Fágúnwà. Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ni mo mú, láti orí ìwé kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ti dàgbà jù ú. Mo sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ni a ń kà á fún. Èmi ni mo ń kà, ìka mi wà lábẹ́ ìlà, àwọn ń wò. Bí a bá kan ọ̀rọ̀ tó le, a ó kùn ún ná ká tó pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó parí, kò kan oúnjẹ, kò kan ìyà. A fi ọdún méjì ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé Ògbójú Ọdẹ jáde lábẹ́ aṣọ tí mo kó o sí. Èmi ni mo kà á. Mo ń kà á bí màmá mi ṣe ń pa àlọ́, mo ń yí ohùn padà. Alẹ́ ọjọ́ kan, ní ibi tí ìjà ti gbóná, iná dé. Mo ní ẹ dúró, mo gbé ìwé lé orí àga, mo sáré lọ tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà tí mo padà, ọmọ tó fi ìwé yẹn pamọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì ti gbé e, ó fi ògiri ṣe ìrọ̀rí, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kùn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ìbẹ̀rù wọn ò ju tèmi lọ. Àmọ́ wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ yìí mọ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Nínú ilé tèmi, èyí ọmọbìnrin tó ń kùn Yorùbá yẹn ló ń gba máàkì jù nínú Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ku àkọ́bí mi. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Kò sí ẹni tó pe òun náà sí ìdí ìlù nígbà tó wà ní kékeré, àgbà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè tó yẹ kó bá wá sílé ayé. Ó pè mí lóṣù tó kọjá, ó ní kí n bá òun ki oríkì ìyá àgbà, òun fẹ́ gbà á sórí fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé ìlà karùn-ún, ó tán lẹ́nu mi. Mo pa fóònù náà, mo ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Àbúrò màmá mi kan ló kù ní Ìsẹ́yìn tó mọ̀ ọ́n tán, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọbìnrin ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, bọ̀dá rẹ̀ máa gba ohùn.

Bí màmá yín tàbí màmá ìyàwó yín bá wà láyé, ẹ mú ọmọ yẹn lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́lidé yìí, kí ẹ̀yin padà sílé, kó má sí ẹni tó máa túmọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Ẹ gbé ìwé Fágúnwà yẹn sínú ọ̀rá kí kòkòrò má jẹ ẹ́.